Ibi Tí Ọ̀nà Ti Yà

Orí àga ọmọdé ni Nọ́ọ̀sì ti kọ́kọ́ rí i. Ọkùnrin gíga gbọọrọ kan ló ká ara rẹ̀ mọ́ orí àga kékeré lọ́wọ́ ẹ̀yìn kíláàsì, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, ó sì nawọ́ sókè bí ọmọ tó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀. Níwájú pátákó, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ dúró pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́.

"Olùkọ́, ẹ dákun, ibẹ̀ yẹn ò yé mi," ni ọkùnrin náà wí.

Ọmọ náà mí kanlẹ̀ bí ìyá àgbà. "Ẹ̀yin náà! Ṣebí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀ tán ni. Ó dáa, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ jẹ́ ká tún un mú láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Nọ́ọ̀sì lójú fèrèsé tó ti ń yọjú, ẹ̀rín náà sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ló ti wà lórí ìdúró ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, aago mẹ́ta ọ̀sán ti kọjá báyìí, bàtà funfun tó wọ̀ sì ti fún ẹsẹ̀ rẹ̀ dé egungun. Kì í ṣe ẹ̀rín ló bá wá sí ilé ìwé yìí.

Yàrá ọ̀gá ilé ìwé ló ti ń bọ̀. Ìyá tó ń ṣe ọ̀gá náà ò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ rárá. "Sáà méjì tẹ̀léra ni ọmọ yín ti fìdí rẹmi nínú ìṣirò. Tó bá tún rí bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò ìparí ọdún, a ò ní lè gbà á padà. Oṣù mẹ́ta ló kù. Ẹ wá ẹni gidi tí á máa kọ́ ọ nílé."

"Mo ti wá mẹ́rin, mà."

"Ẹ wá ìkarùn-ún. Ẹ lọ wo Tíṣà ní kíláàsì tó wà lópin. Ṣùgbọ́n kí n tètè sọ fún yín, ó máa ń rẹ̀ ẹ́."

"Ta ni kì í rẹ̀, mà?" ni Nọ́ọ̀sì dáhùn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ọmọ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, lórí ibùsùn kan ní ilé ìwòsàn tí Nọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ àbúrò rẹ̀. "Má jẹ́ kí ọmọ mi fi ilé ìwé sílẹ̀," ló wí, àbúrò sì ní ọmọ náà ò ní fi í sílẹ̀. Ìlérí tí èèyàn bá ṣe fún ẹni tó ti lọ, kò sí ẹni tí a ó tún bẹ̀ láti yí i padà. Ọmọ náà ti di ọmọ ọdún mọ́kànlá báyìí. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí pé kì í pariwo, kì í béèrè, bó bá sì ń rìn nínú ilé, etí ò lè gbọ́ ọ. Àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Jẹ́jẹ́ ò ṣípá rí.

Tíṣà mẹ́rin tó ti wá sílé sì rèé: èkíní ń wo fóònù rẹ̀ títí àkókò á fi pé. Èkejì ń jágbe débi pé alábàágbé òkè ń sọ̀kalẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kẹta wá lẹ́ẹ̀mejì, ilẹ̀ gbé e mì. Ẹ̀kẹrin ló burú jù nínú wọn, torí pé èèyàn dáadáa ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bá ọmọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, Jẹ́jẹ́ ń gba ọgọ́rùn-ún nílé, ó ń gba òdo nílé ìwé.

Nígbà tí ọmọ ọlọ́dún mẹ́jọ náà parí ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ Tíṣà, Nọ́ọ̀sì kanlẹ̀kùn. Tíṣà fẹ́ dìde kí àlejò. Àga bá a dìde. Ó há mọ́ ọn nídìí, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó ń kí Nọ́ọ̀sì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ẹ káàsán mà, nígbà tí ọmọ kékeré náà ń fa àga lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Lójoojúmọ́ ló máa ń ṣe é báyìí," ni ọmọ náà sọ.

Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé ohun tó bá wá. Tíṣà gbọ́ ọ tán, ojú rẹ̀ pupa fún àìsùn, aṣọ rẹ̀ kún fún ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì.

"Ilé mélòó lẹ ń lọ lẹ́yìn ilé ìwé?" ni Nọ́ọ̀sì bi í.

"Mẹ́rin. Tiyín ló máa ṣe ìkarùn-ún."

"Ẹsẹ̀ lẹ fi ń rìn ín? Kí ni ẹsẹ̀ yín sọ sí i?"

"Wọn ò tíì fẹjọ́ mi sùn." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ sọ fún mi, kí ni ọmọ náà fẹ́ràn?"

Nínú àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó béèrè bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá a nínú ohun gbogbo tó mọ̀ nípa ọmọ náà. Ó mọ ìwọ̀n ara Jẹ́jẹ́, ó mọ oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀, ó mọ nọ́ńbà bàtà rẹ̀.

"Mi ò mọ̀," ló wí nígbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún ju bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

"Kò burú," ni Tíṣà wí. "A ó jọ mọ̀ ọ́n."

*

Ìyẹ̀wù mẹ́ta ni ilé náà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì. Nọ́ọ̀sì, Jẹ́jẹ́ àti Màmá tó bí Nọ́ọ̀sì ló ń gbé ibẹ̀. Lẹ́bàá fèrèsé yàrá àlejò, àga ńlá kan wà tí apá rẹ̀ gbòòrò, tí Màmá fi aṣọ funfun bò. Àga Bàbá ni. Láti ọjọ́ tí Bàbá ti kú, ẹnikẹ́ni ò jókòó síbẹ̀, ológbò alábàágbé pàápàá ti kọ́ ọgbọ́n. Orí àpótí ilé ìdáná ni Màmá fi Tíṣà jókòó sí, Tíṣà sì tún ká ara rẹ̀ bó ṣe máa ń ká a.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, Nọ́ọ̀sì ṣì wà níbi iṣẹ́, Màmá ń tòògbé nínú yàrá. Tíṣà yọ ìwé tuntun kan, ó fi lé ọmọ lọ́wọ́.

"Àṣìṣe nìkan la ó máa kọ síbí," ló wí. "Èyí tí o bá gbà, má kọ ọ́ síbẹ̀, kò wúlò fún wa. Èyí tí o bá ṣì, kọ ọ́ bó ṣe wà. Má pa á rẹ́. Fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀. Ọjọ́ tí o bá rí ibi tí ọ̀nà ti yà, ìwọ fúnra ẹ ni wàá kọ ọ́ sáyè yẹn. Ó lè jẹ́ ọ̀la, ó lè jẹ́ oṣù tó ń bọ̀. Èmi ò ní kọ ọ́ fún ẹ."

"Kí lẹ̀yin máa wá kọ?"

"Mo ti rí i. Ìyẹn nìkan. Kí o lè mọ̀ pé o ò dá wà níbẹ̀."

Jẹ́jẹ́ ro ó títí. "Ta ló máa kà á?"

"Èmi àti ìwọ. Ẹlòmíràn ò ní kà á, àfi tí ìwọ bá fún un."

"Àǹtí mi ńkọ́?"

"Àfi tí ìwọ bá fún wọn."

Ọmọ náà na ọwọ́, Tíṣà gbà á, wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́ bí àgbàlagbà méjì tó ṣe àdéhùn ilẹ̀.

*

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni Tíṣà ń wá. Kò pẹ́ tí Nọ́ọ̀sì fi bẹ̀rẹ̀ sí mọ ìró bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn: èyí ọ̀tún dún, èyí òsì wọ́ díẹ̀. Níjọ́ kan ó ní kó bọ́ bàtà náà, kó jẹ́ kí òun wò ó.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ fi mí sílẹ̀. Tiyín náà ò tó yín?"

"Ẹ bọ́ ọ. Àṣẹ ni mo ń pa, mi ò bẹ̀ yín."

Ìléròrò ńlá ló wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀, ó ti bẹ́, ó ti tún wú. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́, ó fi òwú nù ún. Ọwọ́ rẹ̀ tó ti wẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọgbẹ́ pẹ́ lórí èyí ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí Tíṣà má rí i. Tíṣà rí i, ó wo òkè àjà bí ẹni tó ń ka pákó.

"Ẹ máa ń wo ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn. Ta ló ń wo tiyín?" ló béèrè.

"Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èèkù ara ẹ̀."

"Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n mo mọ bí wọ́n ṣe ń pọn omi kaná."

Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, kí Nọ́ọ̀sì tó ti ibi iṣẹ́ dé, abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan ti ń dúró dè é lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ láìbọ́ aṣọ iṣẹ́.

Báyìí ni ìfẹ́ tiwọn ṣe bẹ̀rẹ̀, bí a bá lè pe ohun tó ń tòògbé báyẹn ní ìfẹ́. Kò sí orin, kò sí òdòdó. Bí Jẹ́jẹ́ bá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, àwọn méjèèjì á jókòó ti ife tíì, ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ ìtàn, èkejì á ti sùn kó tó parí ẹ̀. Tíṣà ló kọ́kọ́ gbọ́ pé Jẹ́jẹ́ fẹ́ràn láti máa ya àwòrán afárá. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ, ó ra ìwé ìyàwòrán, ó sì sunkún díẹ̀ nínú balùwẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, á sin Tíṣà dé ìkóríta kí oòrùn tó wọ̀.

"Tíṣà, kí ló dé tí ẹ ò fi níyàwó?"

"Mo ní in lọ́kàn. Mo máa ń sùn lọ kí n tó wá a dé ibì kan."

"Ọ̀lẹ!"

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, alágbára?"

"Èmi? Ẹni tó bá fẹ́ mi, àfi kó wá gba nọ́ńbà ní wọ́ọ̀dù, kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì."

"Àwọn mélòó ló wà níwájú mi?" ni Tíṣà bi í.

Nọ́ọ̀sì yí padà, ó sì ń rìn lọ sílé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì dùn ún fún bí ìgbà tí èèyàn lè ka ọgọ́rùn-ún.

Màmá ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. "Ọmọ la ní kó wá kọ́," ló wí níjọ́ kan, ó ń ká aṣọ. "Ìgbà wo ló di ìwọ? Ọkùnrin tó ń wo ojú rẹ báyẹn, ìgbà wo ló ń wo ìwé? Mo ṣáà ń sọ tèmi ni o. Tí ọmọ yìí bá tún fìdí rẹmi, kí la máa sọ fún ìyá ẹ̀?"

Kò sí ọ̀rọ̀ tó lè gún Nọ́ọ̀sì ju èyí lọ, Màmá sì mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìyèméjì ti wọlé, ó sì jókòó tì í bí àlejò tí kò fẹ́ lọ.

*

Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì ti ibi iṣẹ́ dé, àpò ìwé Jẹ́jẹ́ ṣubú lórí tábìlì, ìwé kan sì yọ síta. Jẹ́jẹ́ wà ní balùwẹ̀. Nọ́ọ̀sì mú ìwé náà, ó sì ṣí i bó ṣe máa ń ṣí ìwé gbogbo láti ọdún mẹ́tàlá tó ti ń ṣiṣẹ́: láti ẹ̀yìn. Ní wọ́ọ̀dù, ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ jù lọ lèèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ fáìlì láti iwájú, aláìsàn á ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ojú ìwé mọ́kànlá ló kà láti ẹ̀yìn. Àṣìṣe, àṣìṣe, àṣìṣe. Kò sí ìlà kan tí ẹnikẹ́ni fà lé e, kò sí àtúnṣe kan. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, àyè funfun, lẹ́yìn náà ni ọwọ́ ìkọ̀wé Tíṣà: "Mo ti rí i."

Bí nọ́ọ̀sì bá rí i pé ara ọmọ kan ń gbóná jù, tó kọ ọ́ sínú fáìlì pé òun ti rí i, tó sì bá tirẹ̀ lọ, lílé ni wọ́n ń lé e.

Nígbà tí Tíṣà dé, ó bá a lórí ìdúró, ìwé lọ́wọ́. Ojú Tíṣà lọ sára ìwé, ó lọ sí ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ó padà.

"Ṣé ọmọ ló fún yín?"

"Ìbéèrè tí ẹ máa bi mí nìyẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Nọ́ọ̀sì. Ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti mú un kó tó jáde."

"Ojú ìwé mọ́kànlá! Ẹ ti rí i, ẹ ti rí i, kí lẹ wá ṣe sí i? Ẹ ṣàlàyé fún mi."

Tíṣà tún wo ilẹ̀kùn balùwẹ̀. "Mi ò lè ṣàlàyé ìwé ẹlòmíràn," ló wí.

"Ṣé ẹ mọ ohun tó ń dùn mí?" Ohùn Nọ́ọ̀sì ti ń já. "Mo fojú fo iṣẹ́ yín. Torí pé inú mi ń dùn tí mo bá gbọ́ ìró bàtà yín lórí àtẹ̀gùn. Èmi ń gbádùn ara mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló máa jìyà ẹ̀. Ẹ má wá mọ́."

Bí Tíṣà bá ti yanu lẹ́ẹ̀kan péré, ìtàn yìí ì bá kúrú. Ṣùgbọ́n ó ti bọ ọmọ lọ́wọ́. Ó gbé àpò rẹ̀, ó sì kí Nọ́ọ̀sì bó ṣe máa ń kí i: "Ẹ kú àárẹ̀." Bàtà rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, èyí ọ̀tún ń dún, èyí òsì ń wọ́.

*

Tíṣà kẹfà dé lọ́jọ́ kẹta, pẹ̀lú bírò pupa mẹ́ta lápò àyà. Ó fa ìlà lórí gbogbo nǹkan. Jẹ́jẹ́ ń sọ pé ó ti yé òun, ó ń kọ́ ìdáhùn sórí, kò sì jẹun tán mọ́. Nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́wàá, ara rẹ̀ gbóná. Nọ́ọ̀sì gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, ó jókòó tì í lọ́sàn-án Sunday kan. Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ibà ló yẹ̀ wò, kò bá ibà kankan.

"Àǹtí," ni Jẹ́jẹ́ wí láìlajú, "ẹ kà á tán?"

"Kí ni, ọmọ mi?"

"Ìwé mi. Mo gbọ́ gbogbo nǹkan tí ẹ sọ lọ́jọ́ yẹn." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Gbogbo ìwé lẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn."

Ó fa ìwé náà yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó tì í sí i lọ́wọ́. "Mo fún yín báyìí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iwájú."

Nọ́ọ̀sì ṣí i láti iwájú. Ní ojú ìwé kìíní, ọmọ náà ti ro ìdajì pọ̀ mọ́ ìdámẹ́ta, ó sì fún un ní ìdá méjì nínú márùn-ún. Lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù, ní ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà: "Ibi tí ọ̀nà ti yà: mo ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá jẹ ìdajì búrẹ́dì, tí mo tún jẹ ìdámẹ́ta, kò lè wá kéré sí ìdajì." Ojú ìwé kejì ní àlàyé. Ẹ̀kẹta ní. Gbogbo àyè tó wà níwájú ti kún, àwọn tó wà lẹ́yìn nìkan ló ń dúró de ọjọ́ tiwọn. Kódà, mẹ́ta nínú àwọn mọ́kànlá ọjọ́sí ti kún báyìí. Ọmọ náà ti ń dá a ṣe lábẹ́ aṣọ ìbora.

Ojú ìwé karùn-ún ló pa Nọ́ọ̀sì. Jẹ́jẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ibi tí ọ̀nà ti yà: mo mọ̀ pé kò yé mi. Mi ò béèrè torí pé Àǹtí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹsẹ̀ wọn ti wú. Tí mo bá ní ó ti yé mi, wọ́n á lọ sùn."

Lábẹ́ rẹ̀, Tíṣà kọ: "Mo ti rí i. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá mi rí. Ọdún méjì ni mo fi ṣìnà."

Nọ́ọ̀sì ò lè kà á kọjá ibẹ̀. Ó gbé ọmọ náà, gbogbo ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀, ó gbé e sórí itan bí ọmọ ọwọ́. Jẹ́jẹ́ kò ṣípá. Síbẹ̀, wọ́n gbé e.

"Máa béèrè," ni Nọ́ọ̀sì ń sọ sínú irun rẹ̀. "Tí mo bá ń sùn, jí mi. Tí mo bá jágbe, tún béèrè. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́." Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀: "Àǹtí, ìgbà wo ni Tíṣà máa padà wá?"

*

Ní aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ kejì, Tíṣà wà lórí àga kékeré rẹ̀, kíláàsì ti ṣófo, ó ti fi orí lé tábìlì. Nọ́ọ̀sì fa àga ọmọdé mìíràn, ó jókòó tì í, ó sì gbé ìwé náà síwájú rẹ̀.

"Jẹ́jẹ́ ló ní kí n mú un wá. Òun ló ní kí n kọ tèmi sí i."

Tíṣà ṣí ojú ìwé tuntun náà. Ọwọ́ ìkọ̀wé nọ́ọ̀sì ló wà níbẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í lè kà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí ó ti fara balẹ̀ kọ ọ́: "Mo kà á láti ẹ̀yìn. Mo lé ẹni tí kò ṣẹ̀ mí lọ." Àyè funfun wà lábẹ́ rẹ̀.

Tíṣà mú pẹ́ńsùlù. Ó kọ ọ́ pé: "Mo ti rí i."

"Kò sí nǹkan mìíràn tí ẹ máa sọ?"

"Àyè yẹn, ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́."

"Tíṣà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbi iṣẹ́. Mi ò lókun ìdánwò."

"Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu nígbà náà. Ibo lọ̀nà ti yà?"

Nọ́ọ̀sì wo pátákó. "Ẹ̀rù ló bà mí," ló wí. "Ó ti rẹ̀ mí fún ìgbà pípẹ́ débi pé mo rò pé bí ayé mi ṣe máa rí nìyẹn. Nígbà tí nǹkan kan wá dùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí wá ibi tó ti bàjẹ́. Mo fẹ́ràn yín, mo sì rò pé ọmọ ló máa san án. Ibẹ̀ lọ̀nà ti yà."

Tíṣà fi ọwọ́ tó kún fún ṣọ́ọ̀kì lé ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀, àwọn àgbàlagbà méjì lórí àga ọmọ ọdún mẹ́jọ.

"Èmi náà fẹ́ràn yín," ló wí. "Láti ọjọ́ tí àga há mọ́ mi nídìí, tí ẹ kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Mo dé ìta kí n tó rẹ́rìn-ín."

"Mo gbọ́ yín." Ó dìde, àga bá a dìde, Nọ́ọ̀sì sì fà á yọ. "Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù. Ẹ jẹ́ ká lọ bá ọmọ."

*

Jẹ́jẹ́ gba mẹ́tàdínlọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Àádọ́ta ni ilé ìwé ń béèrè. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi fèrè kéde, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé ìwé bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì ní kó wá wọ kíláàsì tuntun. "Mo mọ ibi tí ọ̀nà ti yà nínú mẹ́tàlélógójì tó kù," ni Jẹ́jẹ́ sọ fún un. "Ó ku méjì tí mi ò tíì rí."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Tíṣà dé láti gbọ́ èsì. Ó wá àpótí ilé ìdáná, kò rí i. Màmá ló jókòó lé e lórí, ó sì dúró ṣinṣin lórí ẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ ọn.

"Kò sí àpótí lónìí," ni Màmá wí. Ó ju ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Aṣọ funfun kò sí lórí àga Bàbá mọ́. "Jókòó síbẹ̀ yẹn, ọmọ mi. Mo ti sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ sí ọ lẹ́yìn."

Tíṣà jókòó, tìfuratìfura. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ilé náà, orúnkún rẹ̀ ò kan àgbọ̀n. Kí tíì tó tutù, ó ti sùn lọ, kò sì sẹ́ni tó jí i.

Nígbà tó jí, ó dìde, ó gbé àpò rẹ̀, Nọ́ọ̀sì sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Iṣẹ́ ti parí. Kò sí ìdí kankan mọ́ tí bàtà rẹ̀ yóò fi dún lórí àtẹ̀gùn náà lọ́jọ́ Tuesday, àwọn méjèèjì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ó dàbọ̀," ni Tíṣà wí, ṣùgbọ́n kò lọ. "Nọ́ọ̀sì, ó ti rẹ̀ mí."

"Mo mọ̀. Ẹ lọ sinmi."

"Kì í ṣe tẹsẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí láti máa dágbére nínú ilé yìí."

Nọ́ọ̀sì wò ó láti òkè délẹ̀, bó ṣe máa ń wo ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé wọ́ọ̀dù. Omi lé ròrò sí i lójú.

"Ó ti rẹ èmi náà," ló wí. "Ẹ bọ́ bàtà yín."

"Ẹyọ kan ni kó bọ́ o!" ni Màmá ké láti orí àpótí. "Ìkejì di ọjọ́ tí ẹ bá fọwọ́ síwèé ní kọ́ọ̀tù!"

Wọ́n fọwọ́ sí i ní ọjọ́ Friday, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà. Èrò pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ní láti gba nọ́ńbà. Nígbà tí wọ́n fi máa pè wọ́n, ọkọ àti ìyàwó ti sùn lọ, orí sórí. Jẹ́jẹ́ ló jí wọn.

"Àǹtí, Tíṣà, ẹ dìde," ló wí, kò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ó kàn yín."